Bí Mo Ṣe Tún Owó Ọrùn Kaftan Wa Ṣírò

Kubwa ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ní Àbújá. Kaftan àdìrẹ là ń rán. Aṣọ ń bọ̀ láti Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, àwọn aránṣọ mi méjì á gé e, wọ́n á rán an, yóò wá lọ bá Ìyá Ìbejì ní Mararaba. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni ìyá yìí fi ń ṣe ọnà sí ọrùn aṣọ. Ọrùn yẹn gan-an ló ń fa oníbàárà.

₦800 ni mo ń san fún Ìyá Ìbejì lórí ọrùn kan tẹ́lẹ̀. N kò jókòó ṣírò rẹ̀ rí. Iye tí ẹni tó ṣe é ṣáájú wọn ń gbà ni mo ń bá a lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, a ka Lefitiku 19:13 ní ṣọ́ọ̀ṣì: "owó ọ̀yà alágbàṣe kò gbọdọ̀ sùn ọ̀dọ̀ rẹ títí di òwúrọ̀." Àwọn ará ń ṣe àmín, tèmi ò jáde. Owó Ìyá Ìbejì ti sùn lọ́dọ̀ mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí ìgbà tí oníbàárà bá san tán ni mo máa ń san. Mo sì kọ ẹsẹ Bíbélì sára pátákó ṣọ́ọ̀bù o!

Àkókò ni mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀. Mo mú abẹ́rẹ́ fúnra mi, mo tan aago fóònù. Wákàtí méje gbáko, ọrùn náà sì wọ́ bí ẹnu àpò ẹ̀wà. Mo tú u dànù. Mo wá ra ìwé kan fún Ìyá Ìbejì: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ máa kọ ìgbà tí ẹ bá mú abẹ́rẹ́ àti ìgbà tí ẹ bá gbé e kalẹ̀."

"Ọ̀gá mi, ṣé ẹ fẹ́ máa ṣọ́ mi ni?"

"Rárá mà, ara mi ni mo ń ṣọ́."

Nígbà tí ìwé náà padà dé, epo pupa ti ta sí i. Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú kí àwọn ọmọ tó jí. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sàn-án. Wákàtí kan àbọ̀ lálẹ́, lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì. Wákàtí márùn-ún lápapọ̀ lórí ọrùn kan, ìyẹn ₦160 fún wákàtí kan.

Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin ìjọba fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ ₦70,000. Mo pín in sí ọjọ́ 26, wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́: ó lé díẹ̀ ní ₦336 fún wákàtí kan. Ohun tí mò ń san ò tó ìdajì rẹ̀. Mo fi í sí ₦500, nítorí ẹni tó bá mọ owó mọ́tò láti Mararaba mọ̀ pé ₦336 ò lè gbọ́ bùkátà. Ọrùn kan wá di ₦2,500.

₦1,700 tó lé yẹn ń kọ́? Mo yọ ₦700 nínú èrè mi, mo fi ₦1,000 kún owó aṣọ: ₦28,000 di ₦29,000.

Ti owó tó ń sùn ló nira jù. Nínú ìlànà 10 tí World Fair Trade Organization, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń jà fún òwò tí kò rẹ́ni jẹ, ń tẹ̀ lé, wọ́n ní bí oníṣẹ́ ọwọ́ bá béèrè, kí a fún un ní ìdajì owó ṣáájú, láìgba èlé. N kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Ní báyìí, aṣọ kankan kì í lọ sí Mararaba àfi tí oníbàárà bá ti san ìdajì. Ọjọ́ náà ni ìdajì Ìyá Ìbejì ń wọ àkáǹtì wọn. Ìyókù, lọ́jọ́ tí aṣọ bá dé.

Ètò tuntun yìí lé àwọn oníbàárà kan lọ. Arábìnrin kan ní ìjọ wa ní, "Àǹtí, ṣebí ọmọ Bàbá kan náà ni wá, ẹ yọ ₦8,000 kúrò fún mi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan." Mo gbé ìwé elépo pupa yẹn jáde, mo ní kó fi ìka hàn mí ibi tí màá ti yọ ọ́. Mẹ́ta ló fẹ́ rà tẹ́lẹ̀, ó ra méjì.

Àwọn aláró tó pa àdìrẹ náà ò tíì sí nínú ìṣirò mi. Mo ti pe ìyá tí mo ń rajà lọ́wọ́ wọn ní Ìtòkú, mo bi wọ́n léèrè iye tó ń kan aláró. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n múra wá sílé.