Bí Ọ̀gá Àtijọ́ Bá Tún Pè Ẹ́: Ohun Tó Yẹ Kó O Wò Kó O Tó Fèsì

Nígbà tí ọ̀gá tó o ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ bá pè, kí i dáadáa, gbọ́ ohun tó ń wá, má gbà, má sì kọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí, yálà tẹ̀rín-tẹ̀rín lẹ fi túká tàbí ìjà ló tú yín ká. Ọ̀gá ti ro tirẹ̀ kó tó tẹ nọ́ńbà rẹ. Ìwọ lọ̀rọ̀ bá lójijì, bóyá nínú dáńfó, bóyá níbi iṣẹ́ tuntun tí ẹni tó jókòó tì ọ́ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fẹnu ara wọn gba ohun tí wọn ò fẹ́, torí pé ojú ń tì wọ́n láti sọ fún àgbàlagbà lórí fóònù pé kó fún àwọn láyè. Ohun tó o máa sọ kò pọ̀:

«Ẹ ṣeun gan-an sà, inú mi dùn pé ẹ rántí mi. Mo wà lójú ọ̀nà báyìí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí n lè fara balẹ̀ kà á. Màá pè yín lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀.»

Dárúkọ ọjọ́, kó o sì pè lọ́jọ́ náà gan-an. Ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún tó. Bó bá ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, wọ́n á ti wá ẹlòmíì tàbí kí wọ́n sọ pé o ń ṣe fọ́ńté. Ìdí tó fi yẹ kó kọ ọ́ sílẹ̀ ni pé ẹni tó kàn ń dán ẹ wò kò ní kọ nǹkan kan, ẹni tó sì nílò rẹ lóòótọ́ á kọ ọ́ kó tó di alẹ́.

Bí nọ́ńbà tó fi pè bá jẹ́ tuntun, kọ́kọ́ rí i dájú pé òun ni. Àwọn gbájúẹ̀ ń gbé fọ́tò ọ̀gá sórí WhatsApp, wọ́n á ní fóònù àwọn ló bàjẹ́. Pe nọ́ńbà tó o mọ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí kó o pe ẹlòmíì ní ọ́fíìsì. Ẹnikẹ́ni tó bá ń béèrè BVN rẹ, tàbí OTP tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù rẹ, tàbí tó fẹ́ kí owó kan gba inú àkáǹtì rẹ kọjá, kọ̀ fún un, kódà kó jẹ́ pé ọ̀gá gan-an ló ń sọ̀rọ̀. Owó tó bá ti gba àkáǹtì rẹ kọjá, orúkọ rẹ ló máa wà níwájú báńkì lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé.

Ìpè mìíràn kò ju ìkíni lọ. Ọ̀gá fẹ́ ṣe ìnáwó, ó ń fi aṣọ ẹbí lọ àwọn ọmọọṣẹ́ àtijọ́. Kí i kú ìnáwó, lọ bó o bá ráyè, má sì gbé ọ̀rọ̀ owó tàbí iṣẹ́ lọ síbẹ̀.

Bó bá jẹ́ ìrànlọ́wọ́ ló ń wá

«Níbo lo gbé fáìlì oníbàárà yẹn sí?» Ìbéèrè tí kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, dá a lóhùn lọ́fẹ̀ẹ́, pàápàá láàárín oṣù kan tó o kúrò. Ẹni tó bá da omi síwájú ló máa tẹ ilẹ̀ tútù, ìwọ náà lè nílò ẹ̀rí ìwà rere lọ́wọ́ wọn lọ́la. Bó bá jẹ́ páswọ́ọ̀dù ni wọ́n ń wá, fi ránṣẹ́ sí ímeèlì iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀, má fi ránṣẹ́ sí fóònù ẹnì kan ṣoṣo, kó o sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n yí i padà lọ́jọ́ yẹn. Bí wọn ò bá yí i padà tí nǹkan sọnù, ìwọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ. Bákan náà, bí orúkọ rẹ bá ṣì wà lára àwọn tó ń buwọ́ lu ìwé sọ̀wédowó, kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ àti sí báńkì pé kí wọ́n yọ ọ́, kó o gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́.

Tí ìpè bá ti di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, iṣẹ́ ti dé nìyẹn, owó ló sì kàn. Ọ̀nà tó rọrùn láti mọ iye tó yẹ kó o pè é rèé: pín owó oṣù tí wọ́n ń san fún irú iṣẹ́ náà lónìí sí ọ̀nà 22, ìyẹn iye ọjọ́ iṣẹ́ tó wà nínú oṣù. Iye tó o bá rí, sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, nítorí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ kò ní péńṣàn, kò ní ìsinmi, kò sì ní owó oṣù lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí. Iṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦300,000, ọjọ́ kan jẹ́ nǹkan bí ₦13,600. Pe é ní ₦27,000. Gba ìdajì kó o tó bẹ̀rẹ̀. Kọ iṣẹ́ náà àti ọjọ́ tó máa parí sílẹ̀: «Ìṣirò oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ nìkan, ọjọ́ mẹ́ta, ₦81,000.» Láìsí ọjọ́ ìparí, «wá bá wa wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan» máa ń di oṣù méjì, ọ̀gá á sì máa wò ó bíi pé o ti padà.

Tó o bá ń ṣiṣẹ́ níbòmíì, ka lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ rẹ lákọ̀ọ́kọ́. Púpọ̀ nínú wọn kò gba kí òṣìṣẹ́ ní iṣẹ́ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Má sì fi kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ rẹ ṣe é.

Ohun kan wà tí a kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ṣe, bó ti wù kí ọ̀gá náà ṣèèyàn tó: má buwọ́ lu ìwé tí wọ́n fi ọjọ́ àtẹ̀yìnwá sí. «Bá wa sáìnì èyí, ìgbà tó o ṣì wà níbí ni» ni wọ́n máa ń pè é. Ọjọ́ òní ni kó o kọ sí i, pẹ̀lú ohun tó o rántí, lọ́rọ̀ ara rẹ.

Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ mọ́ owó tàbí ọjà tó sọnù

Má ṣàlàyé lórí fóònù, má sì dá lọ sí «ìpàdé kékeré». Ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ń béèrè sílẹ̀, kó o wá fi ìwé tó o fi fa iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́ dáhùn. Bí wọ́n bá dárúkọ ọlọ́pàá, pe lọ́yà kó o tó kọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ ní àgọ́ wọn. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020, ní abala 32, sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn torí gbèsè tàbí àdéhùn tó bàjẹ́ lásán. Ẹ̀sùn olè yàtọ̀, nítorí náà má fojú kéré rẹ̀. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ bá Legal Aid Council, tàbí ọ́fíìsì Public Defender bó bá jẹ́ Èkó ló wà.

Bó bá ní kó o padà wá ṣiṣẹ́

Gbèsè àtijọ́ ló kàn ṣáájú owó tuntun. Àkókò tí wọ́n nílò rẹ yìí nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ wúwo lójú wọn. Tó o bá ti padà jókòó sórí àga, owó oṣù méjì tí wọ́n jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ inú ilé, wọ́n á ní kó o ṣe sùúrù, wọ́n á sì bi ọ́ léèrè pé ṣé o kò rí bí ọjà ṣe rí ni.

Owó oṣù tí wọn ò san àti owó ìsinmi tó o kò lò, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Péńṣàn ni ọ̀pọ̀ kì í yẹ̀ wò. Òfin Péńṣàn ti ọdún 2014 ní kí iléeṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa yọ ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ, kí òun náà fi ìdá mẹ́wàá kún un, kó sì kó o lọ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tó san owó oṣù. Pe PFA rẹ, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú owó péńṣàn rẹ, ní kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ RSA rẹ, ìyẹn àkáǹtì péńṣàn tó wà lórúkọ rẹ, ránṣẹ́ sí ímeèlì rẹ. Wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé owó oṣù rẹ, kó o máa wò ó ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Bí owó tí wọ́n ń ṣírò péńṣàn lé lórí bá jẹ́ ₦120,000, ₦9,600 ni tìrẹ, ₦12,000 ni tiwọn, àpapọ̀ ₦21,600 lóṣù. Bí oṣù mẹ́rìnlá kò bá sí níbẹ̀, ₦302,400 ni wọ́n jẹ ẹ́ láìka èrè tí owó náà ì bá ti mú wá. Èyí tó burú jù ni pé ₦9,600 yẹn, wọ́n ti yọ ọ́ lọ́wọ́ rẹ. Òfin kan náà tún fi ìtanràn lé agbanisíṣẹ́ tó bá jáfara lórí, kò sì dín ní ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù. PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ péńṣàn, ló ń gba irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Má fi halẹ̀ mọ́ ọ̀gá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kọ ọ́ báyìí:

«Ẹ káàsán sà. Mo ti ro ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá mi sọ, ó sì wù mí ká jọ jókòó sọ ọ́. Kó tó dìgbà náà, owó oṣù kọkànlá àti ìkejìlá ṣì wà nílẹ̀, péńṣàn oṣù mẹ́rìnlá náà kò sì tíì wọlé. Mo ti fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ há ìwé yìí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká yanjú ìyẹn ná.»

Bí wọn ò bá lè san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ìdajì wọlé kó o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ọjọ́ tí ìyókù máa wọlé sì wà nínú lẹ́tà tuntun. Ọ̀gá tó bá bínú torí pé o béèrè gbèsè ti fi hàn ọ́ bí ọdún tó ń bọ̀ ṣe máa rí lọ́dọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, mú ìwé kan, kọ ohun tó lé ọ kúrò síbẹ̀ láìfi àbòsí sí i. Ṣé owó ni? Ṣé máníjà kan ni? Ṣé iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé ni? Kọ èyí tó ti yí padà àti ẹ̀rí tó o ní sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìlérí kì í ṣe ẹ̀rí. Pe ẹni méjì tó ṣì wà níbẹ̀ àti ẹnì kan tó kúrò lẹ́yìn rẹ. Má bi wọ́n pé «báwo ni ibẹ̀?», torí «ó wà ńbẹ̀» ni wọ́n máa fi dá ẹ lóhùn. Bi wọ́n pé: ọjọ́ wo ni owó oṣù tó kọjá wọlé? Ẹni mélòó ló ti jókòó sórí àga mi látìgbà tí mo ti lọ? Kí ló dé tí ẹni tó kẹ́yìn fi lọ? Bí ẹni mẹ́ta bá ti jókòó síbẹ̀ láàárín ọdún kan, iṣẹ́ náà ló níṣòro, kì í ṣe àwọn èèyàn náà.

Lórí owó oṣù, má bẹ̀rẹ̀ láti iye tó o ń gbà tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá á fẹ́ fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà lé e, kó sì pè é ní àfikún. Owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin jẹ́ ₦30,000 láti ọdún 2019, ó di ₦70,000 ní ọdún 2024. Ẹni tó ń gba ₦150,000 ní 2021 ń gba ìlọ́po márùn-ún iye yẹn. Ìlọ́po márùn-ún kan náà lónìí jẹ́ ₦350,000. Òfin kò ní kí wọ́n san án fún ẹ o, àmọ́ ó jẹ́ ìwọ̀n tó o lè gbé síwájú ọ̀gá láìjiyàn. Ṣírò owó ọkọ̀ pẹ̀lú: ₦2,500 lọ-bọ̀ lójúmọ́ jẹ́ ₦55,000 ní ọjọ́ iṣẹ́ 22. Owó tó máa dé ọwọ́ rẹ lẹ́yìn owó orí àti péńṣàn ni kó o fi ṣe ìdíwọ̀n.

Má kọ̀wé fi iṣẹ́ tó o wà lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀ kí lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ tí wọ́n ti buwọ́ lù tó dé ọwọ́ rẹ. «Ṣáà máa bọ̀, a ó yanjú rẹ̀» ti sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di aláìríṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, torí ọkàn ọ̀gá yí padà. Nínú lẹ́tà náà, wá ipò rẹ, ẹni tí wàá máa jábọ̀ fún, iye owó, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, iye ọjọ́ nótíìsì, àti ohun tí àwọn èèyàn máa ń gbójú fò: ṣé ọdún tó o ti lò tẹ́lẹ̀ máa kà? Òfin Iṣẹ́, tó wà fún òṣìṣẹ́ aṣiṣẹ́-ọwọ́ àti akọ̀wé, fún ẹni tó lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní nótíìsì oṣù kan, ọ̀sẹ̀ méjì fún ọdún méjì sí márùn-ún, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì, tó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ. Bí wọ́n bá kà ọ́ sí ẹni tuntun, ìsàlẹ̀ pátápátá lo ti máa bẹ̀rẹ̀. Bí wọn ò bá fẹ́ ka ọdún àtijọ́, kí wọ́n kúkú kọ nótíìsì oṣù kan síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àdéhùn lè fún ẹ ju ohun tí òfin fún ẹ lọ.

Bó bá rán àgbà sí ọ

Bí ẹnu ọ̀gá kò bá ràn ọ́, ó lè rán pásítọ̀, àáfà, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ tó mọ̀ ọ́n, pàápàá tó bá jẹ́ pé ọ̀gá náà ló kọ́ ọ níṣẹ́, tó sì tú ọ sílẹ̀. Dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀, dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, má sì bá wọn ṣírò owó. Sọ pé: «Mo gbọ́ sà. Ẹnu yín kì í wálẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Èmi àti ọ̀gá máa jọ sọ kúlẹ̀kúlẹ̀ rẹ̀, màá sì wá jábọ̀ fún yín.» Tó o bá ti ṣàlàyé gbèsè fún alágbàwí, wọ́n á pín in sí méjì níbẹ̀, wọ́n á sì ní kó o gba ìdajì nítorí tàwọn. Padà lọ jábọ̀ lóòótọ́, ohun yòówù tó o bá pinnu.

Bó o bá fẹ́ kọ̀

Jẹ́ kó kúrú, má sì to ẹ̀dùn ọkàn àtijọ́ síbẹ̀. Má purọ́ pé o ń lọ sí Kánádà tó ò bá lọ, torí ìlú kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. «Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ rò mí mọ́ ọn sà. Mo ti gbé e yẹ̀ wò, mi ò ní lè gbà á báyìí. Mo gbàdúrà kẹ́ ẹ rí ẹni tó máa bá yín ṣe é.» Bó bá tún pè, ọ̀rọ̀ kan náà ni kó o tún sọ. Ìdí tuntun lójoojúmọ́ ló ń jẹ́ kó rò pé ìdúnàádúrà ṣì ń lọ. Bó o bá mọ ẹni tó ń wáṣẹ́, tó sì tó iṣẹ́ náà í ṣe, béèrè lọ́wọ́ onítọ̀hún kó o tó fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́, kó o sì sọ gbogbo ohun tó o mọ̀ nípa ibẹ̀ fún un, títí kan ọjọ́ tí owó oṣù máa ń wọlé.