Láti Òṣogbo dé Òkè Òkun: Bí a Ṣe Ń Mú Yẹtí Idẹ, Ìlẹ̀kẹ̀ àti Àwòrán Ọ̀dà Olómi Lọ

Ẹni tó ń ṣe yẹtí idẹ, tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀, tó sì ń fi ọ̀dà olómi ya àwòrán ní Òṣogbo, bí ó bá kó lọ gbé ní ìlú òyìnbó, ohun méjì ló máa yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́: òfin àti afẹ́fẹ́. Òfin ń dúró de idẹ àti ìlẹ̀kẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń dúró de bébà àti ọ̀dà. Ọwọ́ kò ní gbàgbé iṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun èlò tí ọwọ́ ti mọ̀ yóò máa ṣe bí àlejò. Ó dára kí èèyàn ti tún un kọ́ kí ó tó wọ bàálù.

Idẹ àti òjé inú rẹ̀

Ọ̀pọ̀ idẹ tí à ń yọ́ dà nílé ló wá láti ara ẹnu ẹ̀rọ omi tó ti bàjẹ́, kọ́kọ́rọ́ àti orí páìpù. Àwọn tó ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń po òjé mọ́ idẹ kí ó lè rọrùn láti gé lórí ẹ̀rọ, òjé náà sì sábà máa ń tó 2 sí 3 nínú 100. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òjé inú ẹ̀ṣọ́ ara kò gbọ́dọ̀ tó 0.05 nínú 100. Ẹ ṣírò rẹ̀: yẹtí tí a fi ẹnu ẹ̀rọ omi àtijọ́ dà lè ní òjé tó ìlọ́po 40 tàbí 60 ohun tí òfin gbà. Ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àyẹ̀wò á rí i kíákíá. Nítorí náà, bó ti wù kí idẹ dídà lẹ́wà tó, ẹ má kó o lọ fún títà bí ẹ kò bá mọ ibi tí irin rẹ̀ ti wá.

Idẹ pẹlẹbẹ tuntun ni kí ẹ lò, èyí tí bàbà rẹ̀ jẹ́ 70 tí síǹkì rẹ̀ sì jẹ́ 30 nínú 100. Òun ni a fi òòlù ń lù, a kì í yọ́ ọ dà. Irin lílù kì í ṣe nǹkan àjèjì ní Òṣogbo: Àṣírù Ọlátúndé, tó ti ìdílé alágbẹ̀dẹ wá, fi òòlù lu àwòrán sára bàbà àti alumíníọ̀mù títí àwọn ará òkè òkun fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ gé idẹ náà ní róbótó, kí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3. Bí ó bá nípọn tó mílímítà 0.5, ẹyọ kan yóò wọ̀n bíi gíráàmù 3. Bí ó bá nípọn tó mílímítà 1, ó di 6. Ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin àti wáyà kún un, ẹ ó rí i pé ó ti ń súnmọ́ 10, ibẹ̀ sì ni etí ti ń fà wálẹ̀. Nílé, obìnrin lè wọ yẹtí ńlá lọ òde àríyá fún wákàtí mélòó kan, kí ó dé kí ó bọ́ ọ. Lọ́hùn-ún, ibi iṣẹ́ ni wọ́n máa wọ̀ ọ́ lọ láti àárọ̀ dalẹ́, lábẹ́ fìlà òtútù, pẹ̀lú ìborùn onírun tó ń kọ́ ọ ní gbogbo ìgbà. Ẹ dúró lórí 0.5.

Kí ẹ tó lù ú, ẹ kọ́kọ́ fi iná rọ̀ ọ́. Ẹ gbé e sórí bíríkì, ẹ jẹ́ kí yàrá ṣókùnkùn díẹ̀, kí ẹ fẹ́ iná gáàsì sí i títí yóò fi pọ́n bí ẹyin iná tó ń kú lọ. Bí ó bá ń tàn yòò, ó ti pọ̀ jù. Síǹkì inú rẹ̀ á máa jáde lọ bí èéfín, èéfín náà kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ tì í sínú omi, lẹ́yìn náà ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ gbígbóná fún ìṣẹ́jú 20 kí dúdú ara rẹ̀ lè ṣí. Nígbà tí òòlù bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún ganran-ganran, tí idẹ kò sì tẹ̀ mọ́, ó ti le padà nìyẹn. Ẹ tún fi iná rọ̀ ọ́. Ẹni tó bá kánjú níbí, etí idẹ rẹ̀ á sán, kò sì sí bí a ṣe lè tún un ṣe. Á di àlòkù irin.

Ọ̀pọ̀ ilé àyágbé ní òkè òkun ni kò gba iná gáàsì láàyè, ẹ̀rọ tó ń ké bí ó bá gbọ́ òórùn èéfín sì wà lójú àjà. Ẹ ka ìwé àdéhùn ilé. Bí ilé kò bá gbà á, ẹ wá ilé iṣẹ́ àjùmọ̀lò tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù, tàbí kí ẹ lu nǹkan bíi 50 méjì-méjì sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Idẹ pẹlẹbẹ tí a ti lù kì í gba àyè nínú àpótí.

Apá tó ń wọ inú ihò etí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ idẹ rárá. Níkẹ́ẹ̀lì, irin tó lè wà nínú irin àpòpọ̀, ló ń mú etí àwọn kan wú tó sì ń mú kí ó máa yún, òfin Yúróòpù sì wọ̀n ọ́n: ohun tó ń wọ ihò ara kò gbọ́dọ̀ tú níkẹ́ẹ̀lì jáde ju microgram 0.2 lọ lórí sẹ̀ǹtímítà kan onígun mẹ́rin lọ́sẹ̀ kan. Fún ẹ̀gbà ọwọ́ àti òrùka, 0.5 ni. Wáyà fàdákà 925 tàbí titanium tó nípọn tó mílímítà 0.8 ni kí ẹ lò. Ẹ gé sẹ̀ǹtímítà 5, ẹ yí i mọ́ ara bírò kí ìtẹ̀ méjèèjì lè bára dọ́gba, kí ẹ fi fáìlì yí ẹnu rẹ̀. Ẹ fà á kọjá lórí aṣọ ṣẹ́dà. Bí ó bá fa òwú, kò tíì kúnná. Bí ẹ bá fẹ́ fi lẹ́ẹ̀dì fàdákà (irin tí a ń yọ́ fi lẹ fàdákà pọ̀, kì í ṣe òjé) jó nǹkan mọ́ra, ẹ ra èyí tí wọ́n kọ sí lára pé kò ní cadmium, irin olóró kan, nítorí èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn, òfin sì fi ti inú ẹ̀ṣọ́ ara sí 0.01 nínú 100. Ní UK, ohun fàdákà tó bá wọ̀n ju gíráàmù 7.78 lọ gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ kí a tó tà á ní orúkọ fàdákà. Wáyà yẹtí kì í tó bẹ́ẹ̀.

Ìlẹ̀kẹ̀, àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ bá yín wọ bàálù

Okùn ìpẹja tí ọ̀pọ̀ ń rà lọ́jà fi sín ìlẹ̀kẹ̀ kì í pẹ́. Etí ihò ìlẹ̀kẹ̀ dígí mú bí abẹ, ti idẹ mú jù ú lọ, wọ́n á máa rẹ́ okùn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi já lójú ọ̀nà. Wáyà rírọ̀ tí wọ́n fi ike bò, tó nípọn tó mílímítà 0.38, ni kí ẹ lò fún dígí àti idẹ. Òwú ṣẹ́dà tí a ta kókó sí láàárín ìlẹ̀kẹ̀ kan sí èkejì ló bá iyùn mu, kí iyùn má baà máa ha ara wọn, bí ó bá sì já, ẹyọ kan péré ni yóò bọ́.

Ẹ̀gbà ọwọ́ sẹ̀ǹtímítà 18 yóò gba nǹkan bíi 125 ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n kọ 11/0 sí lára ní ìlà kan. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 8 wáyà sílẹ̀ ní ìparí kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó fi píláyà tẹ irin kékeré tó ń dè é pa, ẹ ká ẹ̀gbà náà róbótó bí ẹni pé ó wà lọ́wọ́. Bí ó bá le gbagidi, ẹ tú u sílẹ̀ ní mílímítà 2. Ẹ̀gbà tó le jù ni ó ń já jù, torí wáyà á máa tẹ̀ ní ojú kan ṣoṣo.

Ìkóóde, ìyẹ́ pupa ìrù odídẹrẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Láti 2017 ni odídẹrẹ́ ti wà lára àwọn ẹyẹ tí àdéhùn àgbáyé fòfin de òwò wọn pátápátá, ìyẹ́ kan ṣoṣo lára yẹtí sì tó láti mú wàhálà wá lọ́wọ́ aṣọ́bodè. Bákan náà ni eyín erin, kódà bó jẹ́ ti ìyá àgbà. Èso ojú ológbò pupa tó ní ojú dúdú, tí àwọn kan ń pè ní ìwérénjéjé, lẹ́wà gan-an lára ẹ̀gbà, ṣùgbọ́n májèlé inú rẹ̀ ń pa èèyàn. Ẹni tó bá ń lu ihò sí i lè fa ìyẹ̀fun rẹ̀ símú. Kò yẹ kí ó wà nínú iṣẹ́ wa, nílé tàbí lẹ́yìn odi.

Bébà àti ọ̀dà nínú yàrá oníhítà

Ní Òṣogbo, lóṣù Keje, ọ̀dà lè wà ní tútù lórí bébà títí èèyàn yóò fi jẹun tán. Nínú yàrá tí hítà ń ṣiṣẹ́ lóṣù Kejìlá, ọ̀dà yẹn kan náà á gbẹ kí búrọ́ọ̀ṣì tó dé ìdajì ojú ọ̀run. Ẹni tó ti ya àwòrán nígbà ọyẹ́ ti mọ ìdajì ìyà yìí. Etí ọ̀dà tó ti gbẹ á fi ìlà líle sílẹ̀. Bí a bá wá fi omi kún un láti tún un ṣe, omi á ti ọ̀dà sẹ́yìn, á sì hù bí àmì omi lójú àjà ilé tó ń jò.

Bébà òwú gidi tó wọ̀n gíráàmù 300 lórí mítà onígun mẹ́rin kan ni kí ẹ rà, nítorí èyí tó fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ á ká. Ẹ fi kànìnkànìn rẹ iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ tẹ́ ẹ sórí ike pẹlẹbẹ, yóò lẹ̀ mọ́ ọn, omi ẹ̀yìn á sì máa bọ́ iwájú fún bí ìdajì wákàtí. Ẹ jìnnà sí hítà ní mítà méjì ó kéré tán. Ẹ po ọ̀dà ní ìlọ́po méjì ohun tí ẹ rò pé yóò tó: fún ojú ọ̀run lórí bébà tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 28, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 38, ẹ po tó ṣíbí tíì mẹ́rin. Ọ̀dà tí a tún sáré pò láàárín iṣẹ́ kì í bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba, bébà á sì ti gbẹ.

Ẹ má kó bébà àtijọ́ láti ilé lọ. Bí bébà bá ti la òjò méjì kọjá láìwọ ọ̀rá, àtè tí wọ́n fi bò ó á ti bàjẹ́, ọ̀dà á sì máa wọlé lójú kan bí omi tó wọ aṣọ. Ẹ fa búrọ́ọ̀ṣì kan sí igun rẹ̀, ẹ ó rí i. Ọ̀dà tí wọ́n fi oyin pò kì í gbẹ tán nínú òjò Òṣogbo, èèrà sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ní yàrá gbígbẹ lọ́hùn-ún, òun gan-an ló dára.

Orúkọ àwọ̀ kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Nọ́ńbà tó wà lára túùbù ni kí ẹ máa kà: PR ni pupa, PY ni yẹ́lò, PB ni búlúù. PR101 ló fún wa ní ilẹ̀ pupa Òṣogbo láìsí ìjà. PY42 ni amọ̀ ògiri àtijọ́. Ewé Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005, ẹ má fi àwọ̀ ewéko tó wá láti inú túùbù ya á, ó máa ń mọ́lẹ̀ jù. Ẹ fi PY150 sí PB15, kí ẹ kán PR101 díẹ̀ sí i, òjìji abẹ́ igi á dé. Fún aró àdìrẹ, PB60. Aró gidi tí a rẹ láti ara èlú ń jinlẹ̀ lára aṣọ, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́ sórí bébà, ìmọ́lẹ̀ ń jẹ ẹ́. Osùn yára ṣá jù ú lọ. Ẹ yẹra fún PR83 pẹ̀lú. Ẹni tó ra àwòrán yín á gbé e kọ́ fún ọdún 20, kò dára kí aṣọ ìyàwó inú rẹ̀ di funfun.

Ẹ dán gbogbo ọ̀dà yín wò: ẹ kùn ún sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi páálí dúdú bo ìdajì rẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé tó kọjú sí gúúsù fún oṣù mẹ́ta. Ẹ ṣí i. Èyí tí ìdajì méjèèjì rẹ̀ kò bá jọra mọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àpótí.

Lóṣù Kejìlá, òòrùn London ti wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù. Iná pupa yàrá máa ń tan èèyàn, á mú kí ẹ po búlúù pọ̀ jù. Ẹ ra gílóòbù tí wọ́n kọ 5000K sí lára (iná funfun bí ti ọ̀sán), tí CRI rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bí iná ṣe ń fi àwọ̀ hàn bó ṣe rí gan-an, ju 90 lọ.

Ẹrù, ìwé àti owó

Píláyà, òòlù àti fáìlì, inú ẹrù ńlá. Gáàsì, ẹ má gbé e rárá. Túùbù ọ̀dà lè wà nínú àpò ọwọ́ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò bá ju mílílítà 100 lọ. Àwòrán, ẹ fi bébà fífẹ́lẹ́ tí kò ní ásíìdì sí ojú rẹ̀, kí ẹ fi pákó pẹlẹbẹ méjì há a láàárín. Kíká rẹ̀ ń sán ọ̀dà tó bá nípọn. Idẹ tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ sọ di dúdú kí ó lè jọ ti àtijọ́, ẹ gba ìwé fún un lọ́dọ̀ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kí ẹ tó dé pápákọ̀, nítorí òfin kò gba kí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde láìgbàṣẹ, òṣìṣẹ́ ẹnu ibodè kò sì lè fi ojú lásán mọ èyí tí ẹ ṣe lánàá.

Ẹni tó bá lọ UK pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ ṣòwò ara rẹ̀, títà yẹtí lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ òwò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kékeré ni. Fún ẹni tí físà rẹ̀ gbà á, bí owó tó wọlé bá ju £1,000 lọ láàárín 6 oṣù Kẹrin sí 5 oṣù Kẹrin ọdún kejì, kí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn agbowó orí.

Iye owó: ká ní ohun èlò yẹtí jẹ́ £5, ó sì gba wákàtí méjì, tí ẹ ka wákàtí sí £13. £31 nìyẹn, èrè kò tíì sí. Ilé àfihàn lè gba 40 sí 50 nínú 100. Bí ẹ bá fi £40 síbẹ̀ tí wọ́n mú ìdajì, £20 ló kù, bí ẹ bá sì yọ £5 ohun èlò, £15 péré ni owó wákàtí méjì dípò £26. £65 ló yẹ.

Ẹ ya àwòrán sí ìwọ̀n férémù tó wà ní ọjà ibẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 30 ní ìbú, 40 ní gígùn, ní Yúróòpù; íǹṣì 11 ní ìbú, 14 ní gígùn, ní Amẹ́ríkà. Ẹ fi páálí tí a gé ojú fèrèsé sí yà á kúrò lára gíláàsì kí èébu má baà hù sí i. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fi pẹ́ńsùlù 2B, kì í ṣe bírò, kọ orúkọ yín, ọdún, nọ́ńbà àwọn ọ̀dà tí ẹ lò, àti Òṣogbo pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀.