Bí mo ṣe yan họ́ọ̀bù ẹ̀yìn fún kẹ̀kẹ́ òkè mi l'Óṣogbo

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ họ́ọ̀bù ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi, ìyẹn àárín wíìlì tí sípóòkù so mọ́, tán ni, ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe yàn án, torí àwa tá à ń gun kẹ̀kẹ́ òkè (mountain bike) níbí ò pọ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe tún kéré sí wa.

Ti tẹ́lẹ̀, fíríwíìlì ni, gíà ni wọ́n wé mọ́ ọn bí ìdérí ìgò. Tí gíà bá ti di méje, mẹ́jọ lórí irú ẹ̀, bíárínì apá ọ̀tún á ti jìnnà sí fúrémù, irin àárín á wá máa dá ru ẹrù níbi tí nǹkan kan ò ti gbé e ró, tó o bá wá já sí kòtò lọ́nà Ìlobùú, ó lè tẹ̀, ó lè kán. Tèmi tẹ̀, wíìlì bẹ̀rẹ̀ sí jó. Ìdí tí mo fi ní fríhọ́ọ̀bù ni mo fẹ́ nìyẹn, irú tí Shimano ti ń ta láti 1978, bíárínì ẹ̀ wà nínú ibi tí gíà jókòó sí gan-an, ó sún mọ́ fúrémù.

Mo fi rúlà wọn àlàfo ẹ̀yìn fúrémù tí họ́ọ̀bù ń wọ̀ sí, 135 mílímítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fojú wọ̀n ọ́n fún yín o, 142 àti 148 wà lára àwọn kẹ̀kẹ́ tuntun, kò lè wọ tiwa láéláé. Ihò sípóòkù, 36. Díìsìkì bíréèkì, oní-bóòtù mẹ́fà.

Bíárínì ni mo ronú lé jù. Oní-bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ ò burú tó o bá ń tú u fọ̀, tó ò ń fi gírísì tuntun sí i, àmọ́ tí ojú ibi tí bọ́ọ̀lù ń yí lé bá ti jẹ lára họ́ọ̀bù, ó parí nìyẹn. Oní-bíárínì dídé, èyí tí wọ́n bo ojú ẹ̀, tó ṣeé yọ fi òmíràn rọ́pò, ni mo mú, ṣùgbọ́n mo wo nọ́ńbà ẹ̀ ná kí n tó sanwó: 6001, ihò inú ẹ̀ 12 mílímítà, ìta 28, fífẹ̀ 8. Mo gbé nọ́ńbà yẹn lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tó ń ta páàtì ọ̀kadà ní Ìgbọ̀nà, wọ́n ní, "Èyí? Mélòó lo fẹ́?" Ọkàn mi balẹ̀. Họ́ọ̀bù mìíràn wà tó ń dún kẹrẹkẹrẹ, ó wù mí gan-an, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní bíárínì ẹ̀.

Mo tún fi mágínẹ́ẹ̀tì kan ibi tí gíà ń jókòó, ó lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Ti alumíníọ̀mù fúyẹ́ lóòótọ́, gíà a máa jẹ wọ̀ ọ́ lára.

Bọ̀dá tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ l'Ókè-Baálẹ̀ ló bá mi fi sípóòkù hun wíìlì mọ́ họ́ọ̀bù náà. Sípóòkù àtijọ́ ò lè bá a mu torí etí họ́ọ̀bù tuntun yìí, níbi tí ihò sípóòkù wà, tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, a ra òmíràn, ti apá ọ̀tún sì kúrú díẹ̀ sí ti òsì. Mo gùn ún fúngbà díẹ̀, mo gbé e padà fún wọn kí wọ́n tún un fà, torí sípóòkù tuntun máa ń dẹ̀.