Bí A Ṣe Ń Fi Canva Ṣe Pósítà Ìwádìí fún Àpérò Ìmọ̀

Kí ẹ tó ṣí Canva, ìyẹn ìkànnì tí a fi ń ṣètò àwòrán àti ọ̀rọ̀ sójú ewé, rárá, ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo tó sọ ohun tí ìwádìí yín fi hàn. Ká ní omi kànga lẹ yẹ̀ wò, ẹ má ṣe fi "Àyẹ̀wò Omi Kànga" ṣe àkọlé. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Omi kànga tó sún mọ́ ṣáláńgá ní kòkòrò àìsàn ju ti èyí tó jìnnà sí i lọ." Ohun tí ẹni tó ń kọjá lọ yóò kà nìyí kó tó pinnu bóyá òun yóò dúró. Ní ọdún 2019, Mike Morrison, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Michigan State ní Amẹ́ríkà nígbà náà, dábàá pé kí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ wà ní àárín gbùngbùn pósítà ní lẹ́tà gàdàgbà, kí àlàyé yòókù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò pọn dandan kí ẹ tẹ̀lé e délẹ̀délẹ̀, nítorí àwọn adájọ́ kan ṣì ń fẹ́ rí ìlànà ìwádìí ní kíkún, àmọ́ èrò náà mọ́gbọ́n dání.

Lẹ́yìn náà, ẹ wádìí ìwọ̀n tí àwọn olùṣètò àpérò fẹ́, àti bóyá kí pósítà dúró lóòró ni tàbí kó wà ní ìbú. A0 jẹ́ mìlímítà 841 sí 1189. A1 jẹ́ 594 sí 841. Ẹ tẹ Custom size, ẹ yan mm, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n náà síbẹ̀ kí ẹ tó fi ohunkóhun sójú ewé, torí pé bí ẹ bá yí i padà nígbà tí iṣẹ́ ti parí, ẹ óò máa tún gbogbo rẹ̀ tò ni.

Fún A0, ẹ jẹ́ kí ìwọ̀n lẹ́tà àkọlé tó 85, kí ti ọ̀rọ̀ inú pósítà má sì kéré sí 24. Bí ọ̀rọ̀ kò bá gbà, ẹ gé e kù. Ẹ má ṣe dín lẹ́tà kù. Ẹ fi gíráàfù rọ́pò àtẹ nọ́ńbà níbi tó bá ti ṣeé ṣe, ẹ má sì fi àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé nìkan ṣe ìyàtọ̀ láàárín ìlà méjì, nítorí àwọn tí ojú wọn kì í yà méjèèjì sọ́tọ̀ kò kéré, pàápàá láàárín ọkùnrin. Àwòrán tí WhatsApp ti fún pọ̀ yóò ṣú bàìbàì lórí ìwé ńlá, nítorí náà ẹ lo èyí tí kámẹ́rà yà gan-an.

Bí Yorùbá bá wà nínú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tẹ ẹ́, ọ̀ àti ṣ wò nínú irú lẹ́tà tí ẹ yàn. Àwọn lẹ́tà ológe mìíràn a máa gbé àmì ohùn sí ẹ̀gbẹ́. Noto Sans kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ tẹ pósítà A0 náà sórí ìwé A4 lásán. Ìdá mẹ́rin ìbú A0 ni ìbú A4, nítorí náà 24 yóò di 6 níbẹ̀. Bí ẹ bá lè kà á láìṣe wàhálà, ẹni tó dúró níwájú pósítà gidi yóò kà á. Ẹ wá gbà á sílẹ̀ ní PDF Print, kí ẹ sì fi fóònù ẹlòmíràn ṣí fáìlì náà wò kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé.