Ẹ dárúkọ àníyàn yín kí ẹ tó sùn
Ẹ̀yin ará, bí àníyàn kì í bá jẹ́ kí ẹ rí oorun sùn, ẹ má ṣe fi àdúrà mọ sí bíbéèrè àlàáfíà lásán. Ẹ dárúkọ ohun tó ń dà yín láàmú fún Ọlọ́run ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìbáà jẹ́ owó ilé-ìwé ọmọ tàbí àìsàn òbí, kí ẹ sì fi ọpẹ́ kan pàtó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn. Bí Pọ́ọ̀lù ṣe tò ó fún àwọn ará Fílípì nìyí, ní orí 4, ẹsẹ 6 àti 7, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà nínú ìdè: ẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú ìdúpẹ́ ló ṣáájú, àlàáfíà ló tẹ̀ lé e. Ẹrù tí a kò dárúkọ máa ń dà bíi pé kò lópin, ọpẹ́ sì máa ń rán ọkàn létí ibi tí Olúwa ti ràn wá lọ́wọ́ rí. Ẹ lè fi Sáàmù 4, ẹsẹ 8, kádìí rẹ̀. Ó kúrú, ó sì rọrùn láti mọ̀ sórí. Àmọ́ bí àìsùn náà bá ti di ti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí tí èrò àtipa ara ẹni bá ń wá sọ́kàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè lọ rí dókítà, nítorí àdúrà kò lòdì sí ìtọ́jú.