Ẹ jẹ́ kí òjìji tú àṣírí àǹjọ̀nnú
Ẹ̀yin tí ẹ ń darí eré àfẹnusọ orí tábìlì tí wọ́n ń pè ní Dungeons & Dragons, bí ẹ bá fẹ́ lo àǹjọ̀nnú tó ń jẹ òjìji, tó sì para dà di èèyàn, ara àwọn tó ti jẹ òjìji wọn ni kí ẹ fi àmì sí, ẹ má fi sí ojú tirẹ̀. Ojú yẹn ni gbogbo àwọn tó ń bá yín ṣeré máa ń yẹ̀ wò. Ẹnì kan á ju dáìsì olójú ogún láti mọ̀ bóyá òun rí nǹkan, á já sí 20 tó ga jù, àṣírí á tú kí eré tó gbóná. Ṣùgbọ́n bí iná ṣe rí, ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ níbikíbi tí wọ́n bá wọ̀, kò sí dáìsì níbẹ̀. Nínú ìlànà eré náà, ògùṣọ̀ kan mọ́lẹ̀ kedere dé ẹsẹ̀ bàtà 20, ó sì ṣe bàìbàì fún 20 mìíràn. Ẹ ní òjìji ọmọ ìyá olóńjẹ gùn dé àjà, ti ìyá fúnra rẹ̀ kò ju àbàwọ́n lọ lára ògiri. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ kọjá. Àwọn fúnra wọn á padà wá béèrè. Ibi tí ọgbọ́n yìí kò ràn ni bí Paladin, ìyẹn jagunjagun mímọ́, bá wà láàárín àwọn tó ń ṣeré: nínú ìlànà eré náà ti ọdún 2014, agbára rẹ̀ tó ń jẹ́ Divine Sense ń mọ ibi tí àǹjọ̀nnú wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 60, àfi bí nǹkan bá bò ó pátápátá. Ẹ yáa fi ògiri sáàárín Paladin àti àǹjọ̀nnú náà títí ẹ ó fi ṣetán.