Àwòrán Lára Ìlẹ̀kẹ̀ Dígí: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Kó Wa Lójútì

Abẹ̀bẹ̀ aláwòrán olóògbé àti ike aláwòrán olóògbé ti ń sú àwọn ará Ìbàdàn. Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwa tí à ń fi iná tọ́ọ̀ṣì yọ́ dígí ṣe ìlẹ̀kẹ̀ báyìí ni pé ká gbé ojú ìyá wọn sí i lára. Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ tí mo bàjẹ́ kí ọwọ́ mi tó mọ̀ ọ́n kún garawa kékeré kan.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé a máa ń rò pé sítíkà ni dékáàlì, ìyẹn àwòrán fẹ́lẹ́ tí a tẹ̀ sórí ìwé, tí a ó ṣí kúrò níbẹ̀ lẹ̀ mọ́ dígí. Gọ́ọ̀mù ló ń mú sítíkà dúró. Dékáàlì ní tirẹ̀, iná ló ń sọ ọ́ di ara dígí. Ohunkóhun tí iná bá lè jẹ nínú àwòrán yẹn, yóò jẹ ẹ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé fọ́tò lọ bá atẹ̀wé tó ń lo íńkì olómi. Yóò dán gbinrin lórí ìwé, àmọ́ dígí lásán lẹ máa bá nínú kílìn, ìyẹn ààrò oníná tí a fi ń sun ún. Ẹ̀rọ lésà tó ń lo tónà dúdú (ìyẹ̀fun tó fi ń tẹ̀wé) ni kí ẹ wá, kí tónà náà sì jẹ́ irú tó ní ìpáàrà irin nínú, torí iná kì í jẹ ìpáàrà. Kì í ṣe gbogbo tónà ló ní in, ẹ kọ́kọ́ fi ìlẹ̀kẹ̀ kan dán an wò.

Dúdú lẹ tẹ̀, pupa rẹ́súrẹ́sú ni yóò jáde, bí àwọn páànù àtijọ́ tí ẹ máa ń rí tí ẹ bá dúró lórí Òkè Màpó. Ẹ sọ ọ́ fún oníbàárà kí ẹ tó gba owó. Ìyá kan bínú sí mi pé mo sọ gèlè búlúù ìyá òun di irin tó dógùn-ún, ẹjọ́ rẹ̀ kọ́.

Tí wọ́n bá ta kú pé àwọ̀ mèremère làwọn fẹ́, a máa ń ra dékáàlì tí wọ́n fi ọ̀dà dígí tẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o. Dékáàlì ife àti àwo tánganran fẹ́ iná bíi 750 sí 850 lórí ìwọ̀n Celsius, kí ó sì tó gbóná tó bẹ́ẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ yín á ti yọ́ lẹ̀ mọ́ pẹpẹ. Ti dígí sábà máa ń wà láàárín 540 sí 620.

Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ róbótó. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi ìwé wé àgbọn kó má ká níbì kankan, ẹ ó rí i. Ìgbà tí dígí ṣì rọ̀ ni kí ẹ tẹ ẹ́ pẹrẹsẹ, ibi tó tẹ́ yẹn ni ojú èèyàn máa gbà. Ẹ sì gé kánópì àti àwọn alásè tó wà lẹ́yìn olóògbé kúrò nínú fọ́tò.

Omi ló ti dà mí láàmú jù. Inú omi la máa ń rẹ dékáàlì sí kó lè yọ́ kúrò lórí ìwé rẹ̀ (dékáàlì nìkan o, ìlẹ̀kẹ̀ tó ṣì wà lórí irin tí a yí i lé kò gbọ́dọ̀ wọ omi, amọ̀ tí a fi kun irin á ṣí). Tí omi tàbí afẹ́fẹ́ bá há sábẹ́ rẹ̀, yóò wú nínú iná, yóò sì ya ojú olóògbé sí méjì. Ẹ rọra fi òwú tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí, kí ẹ sì fi sílẹ̀ dọjọ́ kejì. Ní ìgbà òjò, mo máa ń fún un ní ọjọ́ méjì. Kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ rárá, ẹ fi spírìtì nu dígí náà, torí epo dùndú tí ẹ jẹ láàárọ̀ tó láti mú un ṣí.

Ẹ má fi ìlẹ̀kẹ̀ tútù sínú kílìn tó ti gbóná, yóò là. Kí àwọn méjèèjì jọ gbóná díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ díẹ̀ títí yóò fi tó bíi 480, kí èéfín lè jáde, kí ẹ sì má ṣe é nínú yàrá tí ẹ ń sùn. Tí ó bá jó tán, ẹ dá a dúró ní bíi 510 kó tó máa tutù lọ́ra. Bí wọ́n bá mú iná lọ lásìkò yìí, ọwọ́ yín ò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn. Ooru tó há sínú rẹ̀ ló lè gbà yín, jẹnẹrétọ̀ kékeré ò lè gbé kílìn.

Wọ́n á tún mú sẹ̀gi ìyá àgbà wá pé kí ẹ gbé àwòrán sí i. Ẹ má gbà á. Dígí Ifẹ̀ àtijọ́, tí wọ́n hú ìkòkò ìyọ́dígí rẹ̀ jáde ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, kì í ṣe ọmọ ìyá ọ̀pá dígí tí à ń rà láti Ítálì, ẹ ò sì ní rí òmíràn fi dí i tó bá là.

Tó bá tutù tán, ẹ fi èékánná ha àwòrán náà. Tí ìyẹ̀fun bá bá èékánná wá, iná rẹ̀ kò tó, ẹ dá a padà. Ẹnì kan fi ọ̀dà èékánná bo tirẹ̀ dípò kó tún un sun. Kí òde tó parí, òógùn ọrùn ti fọ ojú bàbá kúrò, irùngbọ̀n nìkan ló kù.